Òkèlè Méjì Nítorí Mi

Irọ́ ni Kamaldeen kọ́kọ́ pa fún Safiyat lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé. Ó jókòó níwájú tábìlì rẹ̀ ní kíliníìkì, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ní òun ní àbúrò kan tí kì í jẹun.

"Ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò yín?" Safiyat bi í.

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Safiyat gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kọ. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè ló wà lọ́rùn ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n aṣọ náà fẹ̀ jù ú lọ, ó sì ti fi bẹ́líìtì fún ṣòkòtò rẹ̀ títí tó fi ká jọ níwájú. Ojú ọgbẹ́ tuntun kan wà níwájú orí rẹ̀.

"Níbo ni àbúrò yín ti ṣubú?" ó tún béèrè, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Kamaldeen fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀. "Ní tésàn ni. Mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò lọ́wọ́, ojú mi kàn ṣú."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi," ni Safiyat wí, ó sì ṣí ojú ewé mìíràn.

Oṣù keje ọdún 1993 nìyẹn. Ọdún kejì rèé tí Safiyat ti dé sí Ọ̀fà láti Ìbàdàn, níbi tó ti kọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ò tètè yé èèyàn. Àǹtí Oúnjẹ ni wọ́n ń pè é, àwọn kan sì rò pé oúnjẹ sísè ló ń kọ́ni. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń pa ẹnu dé mọ́ ṣíbí ló ń wá bá a, àti àwọn bàbá àgbà tí dókítà ní kí wọ́n yí oúnjẹ padà tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Á lọ sílé wọn, á jókòó wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, kó tó wá kọ ìwé bí wọ́n á ṣe máa jẹun fún wọn. Ilé kan kì í gba irú ìwé tí ilé kejì gbà. Ohun kan ṣoṣo ni kì í yí padà nínú gbogbo ìwé náà: ẹ má fi ipá mú ẹni tí ò lè jẹ oúnjẹ kan pé kó jẹ ẹ́, ẹ má sì ní kó jẹ ẹ́ nítorí yín.

"Kí ni ẹ lè jẹ?" ó bi Kamaldeen.

"Iṣu sísè, tí wọn ò bu epo sí. Gaàrí gbígbẹ. Ẹ̀pà yíyan. Búrẹ́dì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dín gbẹ."

Safiyat ń dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

Kamaldeen mi orí. "Tí ohun tó bá rọ̀, tó ń yọ̀, bá ti kan ẹnu mi, ọ̀fun mi á pa dé. Àwọn èèyàn rò pé mò ń ṣe fáàrí ni."

Ó kó ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí kalẹ̀ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sì kọ oúnjẹ. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó gbà á tọ́ a máa gbé e há orúnkún, á dí i nímú, á sì máa fi ọwọ́ rọ ọbẹ̀ sí i lẹ́nu títí yóò fi gbé e mì. Odindi ọdún kan ló fi ṣe é. Ó gbà pé ẹ̀mí ọmọ lòun ń dá sí.

"Mi ò bínú sí i," ni Kamaldeen wí. "Ọ̀fun mi ni ò gbàgbé."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Safiyat ò ní kó jẹ ohun tuntun kankan. Iṣu rẹ̀ náà ni kó máa jẹ, ṣùgbọ́n kó gbé ẹyin sísè kan sínú àwo mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹyin náà kàn wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó fọwọ́ kàn án. Ní ìkẹrin, kó gbóòórùn rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ti wọlé kí Kamaldeen tó gé ẹyin náà jẹ níwájú rẹ̀. Òógùn bo imú rẹ̀, ó rún un, ó rún un, ó gbé e mì. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Safiyat yí ojú sí fèrèsé kó má baà rí i pé omi ti lé sí òun lójú.

Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé fáìlì Kamaldeen lọ fún Sísítà Caroline, nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi máa bójú tó ẹni yìí. Mi ò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́."

Sísítà Caroline wo fáìlì, ó wo ojú rẹ̀. "Mo gbọ́," ló wí, kò sì béèrè nǹkan kan.

Kamaldeen béèrè. Ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kíliníìkì nírọ̀lẹ́, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi tì mí sí ẹlòmíì?"

"Ẹni tó bá máa tọ́jú yín gbọ́dọ̀ lè wò yín kí àyà rẹ̀ má já," ni Safiyat wí. "Àyà tèmi ti ń já."

Ọ̀rọ̀ náà ò tètè wọ Kamaldeen létí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, Safiyat ò sì tíì rí eyín rẹ̀ rí.

"Má pè mí ní ẹ̀yin mọ́," ló wí. "Kamal ni kí o máa pè mí. Kí ni oríkì rẹ?"

"Àdìkẹ́."

"Àdìkẹ́ mi." Ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò.

Láti ìgbà náà, wọn a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ Kánò bá ti kọjá. Sísítà Caroline ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú Kamaldeen, ẹran ara ń padà sí i lọ́rùn díẹ̀díẹ̀. Ó ti lè jẹ ẹyin àti ẹja gbígbẹ. Ọbẹ̀ nìkan ni kò tíì sún mọ́.

"Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́ fún," ó sọ fún Safiyat lọ́jọ́ kan. "Má sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ mi nílé yín. Ọmọbìnrin tí mo kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́, ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Wọ́n ní mo rò pé wọ́n fẹ́ fún mi ní májèlé jẹ. Ibẹ̀ ló parí sí. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nígbà tí mo bá lè sọ ọ́."

Safiyat ṣèlérí. Àṣírí ẹni tó wá gba ìtọ́jú kì í ṣe tirẹ̀ láti tú, ìlérí tàbí kò sí ìlérí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, torí ó mọ irú ilé tí òun ti jáde.

Alhaja Ràfátù, ìyá rẹ̀, ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Sàlámátù, Òjòkú ni wọ́n fẹ́ ẹ sí. Ọmọ kan kú nínú agboolé ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn àjẹ́ kàn án lójú. Ńṣe ni wọ́n kàn ń dá àwo oúnjẹ rẹ̀ padà, ìyá ọkọ kọ́kọ́, ìyàwó ilé tẹ̀ lé e, àwọn ọmọdé náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Láàárín ọdún kan, kò sẹ́ni tó ń ra gaàrí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀fà, kò fẹ́ ọkọ mìíràn títí tó fi kú. Alhaja Ràfátù ló wẹ òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọ ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ìyeru tó dá oúnjẹ rẹ̀ padà, ó ti bá a jà nìyẹn.

Ààwẹ̀ Ràmàdánì ọdún kejì dé. Alhaji Àjàní, bàbá Safiyat tó ń ta pákó, ní kí ọkùnrin tí ọmọ òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá àwọn ṣínu lọ́jọ́ kẹwàá. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Ìbráhìm, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ìjàgbó, pé kó wá wo àna ọ̀la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, Safiyat ya tésàn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kamaldeen ti ń dúró dè é.

"Mi ò tíì lè jẹ ọbẹ̀, Àdìkẹ́. Jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀."

"Bàbá Ìjàgbó ti ń bọ̀. Màámi ti ra ẹran. Tí o ò bá wá, kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Kí n wá, kí n má jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"O mọ̀ pé ìyẹn burú ju kí o má wá lọ." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Òkèlè méjì péré, Kamal. Nítorí mi."

Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ó lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Kò kó o jẹ. Kamaldeen ní, "Ó dáa."

Wọ́n fi dàbínù àti omi tútù ṣínu, wọ́n kírun Màgàríbì, wọ́n padà sórí ẹní. Alhaja Ràfátù fúnra rẹ̀ ló gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wọlé. Iyán náà funfun, kò ní kókó kan. Ó fi abọ́ tó tóbi jù lọ síwájú Kamaldeen, ó sì dúró.

"Bisimilááhì, ọmọ mi. Jẹun."

Kamaldeen bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu. Safiyat ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó rí i tó gòkè, tó dúró, tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan ti lọ. Bàbá Ìjàgbó ń sọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin kan tó wọ̀ nígbà èwe rẹ̀, Kamaldeen ń mi orí, ojú rẹ̀ ti ràn. Ó bu èkejì. Èyí ò sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbìyànjú láti dìde, kò sì rí àyè dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ tú jáde sórí ẹní, ní iwájú ẹsẹ̀ Alhaja Ràfátù.

Bàbá Ìjàgbó dá ìtàn rẹ̀ dúró.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?" Bàbá Ìjàgbó béèrè.

Ibi tí Kamaldeen ti lè sọ ọ́ nìyẹn. Ó la ẹnu. Safiyat ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ lọ́fun bí òkèlè ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló rí sọ. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ẹní.

"Fi í sílẹ̀," ni Alhaja Ràfátù wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. "Kí ni wọ́n sọ fún ọ pé mo fi sínú rẹ̀?"

Kamaldeen jáde láìní fìlà lórí.

Nígbà tí Bàbá Ìjàgbó ti lọ, Alhaja pe ọmọ rẹ̀ wọ yàrá.

"O mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Sọ ọ́."

"Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. "Wọ́n fi irú èyí pa ẹ̀gbọ́n mi. O mọ̀, o sì ń bò ó mọ́ra." Ó yí ẹ̀yìn sí i.

Alhaji Àjàní ní kí ọkùnrin náà má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ìyẹn ò dun Safiyat tó ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ kejì, Alhaja Ràfátù ò dáná mọ́. Ó ń ránni lọ ra oúnjẹ ìṣínu lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìkòkò rẹ̀ wà ní ìdojúdé. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ oúnjẹ sísè jókòó sí ìdí ààrò tó tutù, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Safiyat mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló lè tú u sílẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ahọ́n òun. Ó gbé e pamọ́ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ààwẹ̀, lẹ́tà Kamaldeen dé sí kíliníìkì. Ó ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí Jẹ́bà. Ó ní kí Safiyat wá ọkùnrin tó lè jókòó ti ìyá rẹ̀ jẹun.

Ó ká lẹ́tà náà sínú báàgì, ó lọ bá a ní tésàn lọ́sàn-án gangan.

"Ṣé Jẹ́bà ni wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan?" ó bi í.

"Àdìkẹ́, kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe ní Ọ̀fà? Mo bì sí ìyá rẹ lẹ́sẹ̀."

"Ìyá mi ò dáná mọ́. Ó rò pé o pe òun ní àjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń wò ó, mi ò sọ̀rọ̀, nítorí ìwọ. O wá fẹ́ wọ ọkọ̀ kí o sì fi mí sílẹ̀ síbẹ̀?"

"Ta ló ní kí n wá jẹ ẹ́?" ni Kamaldeen wí. "Mo sọ fún ọ pé mi ò tíì lè ṣe é. Ìwọ tí o kọ́ mi pé kí n má jẹ ohunkóhun nítorí ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà ni."

Àwọn èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti ń wò wọ́n. Safiyat ti mọ̀ ọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un lójú.

"Òótọ́ ni," ló sọ. "Ojú ń tì mí nítorí àwọn ará ilé mi, mo fẹ́ kí o dà bí ọkùnrin yòókù fún alẹ́ ọjọ́ kan. Àbúrò bàbá rẹ fi ọwọ́ dí ọ nímú. Èmi fi ìfẹ́ dí ọ nímú. Forí jì mí, Kamal."

Kamaldeen gbé ojú kúrò. Fèrè ọkọ̀ dún láti ọ̀nà Ìlọrin, ó sì ní láti lọ ju àsíá sí ọkọ̀ náà. Safiyat dúró díẹ̀. Nígbà tí kò padà wá, ó lọ sílé, ó sì gbà nínú ara rẹ̀ pé ó ti parí.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ó bá kẹ̀kẹ́ Kamaldeen tó fara ti ògiri ilé wọn. Bàbá rẹ̀ ò tíì ti ìsọ̀ pákó dé. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó dúró síbi tó ti lè rí ilé ìdáná.

Kamaldeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀. Alhaja Ràfátù jókòó sórí àpótí, ó di tẹ̀sùbáà mú. Kamaldeen ń sọ ọ́. Ó sọ ti ikú ìyá rẹ̀, ó sọ ti orúnkún àbúrò bàbá rẹ̀, ó ka oúnjẹ márùn-ún tó ti ń jẹ láti kékeré. Kò fi ohunkóhun pamọ́.

"Ọbẹ̀ gbígbóná ló ń rọ sí ọ lẹ́nu?" Alhaja béèrè.

"Nígbà míì, ma."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ó yẹ kí o ti sọ ọ́ kí o tó dójú tì mí níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ma. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́."

"Mo gbọ́, ma."

"Dìde nílẹ̀. Jókòó." Ó ti àpótí kejì sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Sàlámátù fún un, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún àlejò rí, bí àwo ṣe ń padà wá pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ti dì lójú. Kamaldeen ń gbọ́, ó tẹ orí ba. Nígbà tó yá, Alhaja béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi mọ gbogbo ohun tí o sọ yìí?"

"Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ma. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Alhaja ò yíjú padà. "Àdìkẹ́, kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o wọlé."

Safiyat wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ọjọ́ méjìdínlógún lo fi wò mí lójú," ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ti ṣèlérí, Màámi. Ẹ dárí jì mí."

Alhaja Ràfátù fi ọwọ́ nu ojú. Ó nawọ́, ó sì yí ìkòkò rẹ̀ tó wà ní ìdojúdé sókè. "Ìwé tí o máa ń kọ fún àwọn èèyàn káàkiri ìlú," ló wí, "kọ ọ́ fún ilé yìí. Kọ ohun tí mo lè sè àti ohun tí mi ò gbọdọ̀ gbé síwájú rẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Oṣù kẹjọ ni wọ́n so yìgì wọn nínú ilé Alhaji Àjàní. Bàbá náà ti kọ́kọ́ yarí, ìyàwó rẹ̀ ló bá a sọ̀rọ̀ ní yàrá, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó sọ. Kamaldeen ò lọ sí Jẹ́bà mọ́. Lọ́jọ́ náà, agbádá funfun tó wọ̀ bá a lára mu, Safiyat sì jókòó tì í, ó fi ìborùn aláwọ̀ wúrà bo orí. Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti ṣe àdúà, wọ́n ń gbé oúnjẹ káàkiri. Àwo ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ kan dé iwájú ọkọ ìyàwó, ó sì wà níbẹ̀.

Bàbá Ìjàgbó rí i. Ó ti ń ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ ìyàwó," ó ké sí i kí gbogbo èèyàn tó wà nínú ilé gbọ́, "oúnjẹ wa ṣì ń bà ọ́ lẹ́rù ni?"

Àwọn ará ilé Kamaldeen wo ara wọn. Safiyat rí i tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ṣíbí, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. "Má jẹ ẹ́," ó sọ sí i létí.

Alhaja Ràfátù ti ń bọ̀ láàárín èrò, tòun ti gèlè àti aṣọ tí òógùn ilé ìdáná ti mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo náà kúrò níwájú Kamaldeen, ó sì dojú kọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alhaji. Èmi ni mo ní kó má jẹ ẹ́."

"Ìwọ?" ni Bàbá Ìjàgbó wí. "Oúnjẹ tí ìwọ fúnra rẹ sè?"

"Èmi ni mo sè é," Alhaja Ràfátù dáhùn. "Èmi ni mo sì mọ ohun tí ọmọ mi ń jẹ."